Ọjọ́ Tí Ìdíátù Kò Yán

Fótò pásípọ́ọ̀tù ni Ìdíátù wá yà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Àgùdà, ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Mo ní kó jókòó, kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ó yán. Mo tún sọ̀rọ̀, ó tún yán. Nígbà tó yán lẹ́ẹ̀kẹta, inú bí mi.

"Àǹtí, ṣé ọ̀rọ̀ mi ń sú yín ni?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Orí ló fẹ́ fọ́ mi. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Mi ò gbà á gbọ́. Ta ló ń yán kí orí tó fọ́ ọ? Mo ya fótò mẹ́rin, ó dijú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kó tó dìde, ó ní òun ń rí nǹkan tó ń tàn yinrinyinrin lápá kan ojú òun, ó rí bí eyín ayùn. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ orí kan mú.

Mo pa iná, mo ti fèrèsé, mo fún un lómi. Wákàtí méjì ló fi jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Èmi náà ò sọ̀rọ̀. Mi ò tíì gbádùn ìdákẹ́jẹ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí nígbà yẹn, mi ò tíì fẹ́yàwó. Aṣọ ni Ìdíátù ń rán ní Ìlúpéjú, òun náà kò lọ́kọ. Nígbà tó fi padà wá tún fótò náà yà, mo ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ tí mo mú un lọ kí ìyá mi ní Mushin, ó yán lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká padà."

Mo ní ìyá mi ti ń dúró dè wá. Àṣìṣe mi nìyẹn. Nígbà tí a débẹ̀, orí ti ń fọ́ ọ. Bó bá tẹ orí ba, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n ń fi òòlù lù ú lágbárí. Ó di ògiri mú, ó kí ìyá mi lóòró.

Ìyá mi wò ó títí. "Ṣé orúnkún ẹ ò ṣe é ká ni?"

Nígbà tí mo sìn ín délé tí mo padà, wọ́n ní, "Àkàngbé, mi ò ní bá ọ tọrọ ọmọ tí ò lè kúnlẹ̀ kí mi."

"Ara rẹ̀ ò yá, mà. Orí ló ń fọ́ ọ."

"Ṣé orí ni wọ́n fi ń kúnlẹ̀ ni?"

Mo mú Ìdíátù lọ rí dókítà kan ní Sùúrùlérè. Dókítà béèrè nípa yíyán, ọrùn tó máa ń le, ohun tó ń tàn lójú rẹ̀, ẹ̀fọ́rí apá kan, èébì.

"Ẹ̀fọ́rí túúlu ni." Ó kọ oògùn fún un, ó wá yíjú sí mi. "Ẹ máa ṣọ́ bó ṣe ń wá. Bí ọ̀kan bá ṣàdédé dé bí àrá, tí kò jọ àwọn tó kù, ẹ má dúró o. Ẹ gbé e wá kíákíá."

Ìyá mi ò gbọ́ ti dókítà. Ojú ara wọn ni wọ́n fẹ́ fi rí i. Ní Sátidé kan, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sílé rẹ̀ láìsọ fún un. A bá a nínú òkùnkùn, ó fi gèlè di orí pinpin, abọ́ èébì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ohùn ìyá mi, ó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, m..."

Kò parí rẹ̀ tó fi bì sórí ìró ìyá mi.

Mo rò pé ó ti tán nìyẹn.

"Ta ló ní kó o kúnlẹ̀?" Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé orí rẹ̀ lé itan. "Àkàngbé, kí lò ń wò? Fa kọ́tìnnì yẹn dáadáa! Ọmọ mi, kí ni oríkì ẹ?"

"Àṣàbí, mà."

"Àṣàbí, pẹ̀lẹ́. Láti òní lọ, lóòró ni kó o ti máa kí mi. Ṣé o gbọ́?"

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n so yìgì wa.

Ọdún méjìlá ni a fi gbé pọ̀. Bó bá yán nídìí máṣíìnì, màá pa iná, màá gbé oògùn àti omi wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oorun lásán ni o."

"Jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọrùn ẹ."

Á rẹ́rìn-ín, á sì gbé ọrùn wá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Mi ò sọ ọ́ fún un tó bó ṣe yẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ó ń bu ògì fún mi. Kò yán. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Àkàngbé, orí mi!"

Kò pe orúkọ mi rí. Mi ò dúró. Mo gbé e sínú táksí, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi.

"Ẹ pa iná yẹn," ó ní.

Oòrùn ni. Mo fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀ títí a fi dé ọsibítù. Àwọn dókítà sa ipá wọn. Wọ́n ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti lọ.

Mo ṣì ń ya fótò. Mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn, tó dijú, wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Bí oníbàárà bá yán níwájú mi, ọwọ́ mi á ti pa iná kí n tó mọ̀.

"Ṣé orí fẹ́ fọ́ yín ni?"

"Rárá o, bàbá. Ebi ni."

Màá sì tún tan iná.