Ta Ló Ń Pe Awakọ̀?

Iná àárín mọ́tò tún wà ní títàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Opó awakọ̀ mọ́tò náà dúró nítòsí, ó ń wò ó láti ojú gíláàsì. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á lálẹ́ àná. Òun ló ti gbogbo ilẹ̀kùn, tó sì fi ọwọ́ tì wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Kò yà á lẹ́nu. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, kò sí ohun tó ń yà á lẹ́nu mọ́. Iyọ̀ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, omi gbígbóná kò sì jó o lọ́wọ́. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀dájú nítorí pé kò sunkún. Ẹnu wọn ni kò ríṣẹ́ ṣe. Ta ló sọ fún wọn pé igbá ni wọ́n fi ń wọn ẹkún?

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò náà dún kẹ́kẹ́kẹ́, ó dákẹ́. Bátìrì ti kú.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ yọ láti ẹ̀yìn ilé, ọṣẹ ìfọyín ṣì ń hó lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó wa, mo ti sọ fún yín. Mọ́tò yìí ti darúgbó. Ẹ jẹ́ ká gbé e fáwọn tó ń ra irin àlòkù."

"Ọkọ mi, ẹ fún mi láyè di ọjọ́ Ajé."

"Bí kò bá gbéra lọ́jọ́ Ajé ńkọ́?"

"Kẹ́ ẹ máa gbé e lọ."

Ọjọ́ Ajé ni àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbé wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ní kí òun náà gbìyànjú rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n bó bá já wọn kulẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹlòmíràn ni wọn yóò wá. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù tí yóò máa bọ́ ọ.

Wọ́n ti mọ́tò náà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Elétí-Irin ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà, nítorí bó bá fẹ́ mọ ibi tó ń dun ẹ́ńjìnnì, yóò fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan kàn án lára, yóò fi ìdí irin náà sí etí, yóò sì dijú bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó.

Ó da omi gbígbóná sórí bátìrì títí ohun funfun tó hu sí i lórí fi ṣí kúrò. Ó so wáyà rẹ̀ padà, ó yá iná lára mọ́tò mìíràn, ẹ́ńjìnnì jí. Ó fi ẹ̀rọ ìwọnná wò ó.

"Bátìrì ò ṣàìsàn," ó ní. "Ẹ̀rọ tó ń fi iná bọ́ ọ náà ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ló ń jẹun ẹ̀ lóru, bí àna tó wá kí ni tí ò rántí ilé mọ́."

Opó náà mọ̀ pé ó yẹ kóun rẹ́rìn-ín. Ó ya ẹnu díẹ̀.

Bàbá pa ẹ́ńjìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fíúùsì lábẹ́ ìdarí mọ́tò, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó kan ti iná àárín, ẹ̀rọ ìwọnná wálẹ̀ wàì.

"Mo mú ọ! Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tá à ń wọ́ yìí. Bí ilẹ̀kùn bá tì, yóò tẹ̀ ẹ́, iná á kú. Ó ti gbó ni. Mọ́tò rò pé ilẹ̀kùn ṣì ṣí, pé ẹnì kan ò tíì wọlé tán."

Ó fi tuntun sí i. Ó wọ́ ilẹ̀kùn náà tì. Iná wà ní títàn. Ó tún yọ fíúùsì rẹ̀, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Iná wà ní títàn.

Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo iná náà. Ó mú ọ̀pá irin rẹ̀, ó fi kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí kò ní ẹ́ńjìnnì nínú, ó sì gbé etí lé e. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ gbọ́?"

"Kò sí."

"Mo ní kí lẹ gbọ́?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹnì kan ń mí níta ibẹ̀. Bí ẹni tó sáré."

Ta ni kò mọ àṣà olóògbé náà? Kì í gbéra láìpe èrò rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù a dáhùn pé, "Mo ti wọlé." Lọ́jọ́ tó kú, ó pè wọ́n, gbogbo wọn dáhùn. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ afárá, ilẹ̀kùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó dúró, ó sọ̀kalẹ̀ lọ tì í láti ìta. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù ti gbá a, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò bi ẹni tó wa akẹ́rù náà léèrè ohunkóhun. Opó ni wọ́n ń bi pé kí ló dé tí kò sunkún.

"Òun náà ńkọ́?" Elétí-Irin bi í. "Ta ló pè é kó wọlé?"

"Bàbá, ta ló ń pe awakọ̀?"

"Ohun tó ń dúró dè nìyẹn." Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, ó tún nù ún. "Gbọ́ mi dáadáa. Má pè é. Sọ fún un pé iṣẹ́ ti parí, kó máa lọ sinmi. Bó o bá pè é, ibo ló máa jókòó sí? Awakọ̀ kì í jókòó sẹ́yìn. Ibi tí iṣẹ́ ẹ̀ ti já ló sì ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ padà."

Ó ní kó máa tú bátìrì sílẹ̀ lálẹ́, kó máa so ó láàárọ̀. Ó tú u. Iná náà kò kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú ariwo.

"Ìyàwó, rọra wà á o," Nọ́ọ̀sì Àgbà ní. "Egungun ìdí mi gbó ju mọ́tò yìí lọ."

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́kẹ́kẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà, àbúrò ọkọ rẹ̀ ti káwọ́ gbera. Ọkọ̀ àwọn onírin àlòkù wà lẹ́yìn rẹ̀.

Opó náà pè wọ́n bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń pè wọ́n.

"Nọ́ọ̀sì Àgbà?"

"Mo ti wọlé."

"Abẹ́rẹ́ Kì í Dunni?"

"Mo ti wọlé o, irọ́ pátápátá lorúkọ yẹn!"

"Olóorun?"

"Ó ti wọlé, ó ti ń hanrun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó kan gbólóhùn tí bàbá kọ́ ọ. Ó la ẹnu láti sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ó wo ọkọ̀ àwọn onírin àlòkù. Iṣẹ́ wo ló parí?

"Awakọ̀?" ni ó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó ti tì tẹ́lẹ̀ tún dún gbàgà, bí ìgbà tí wọ́n tì í láti ìta. Iná àárín kú.

"Mo ti wọlé."

Ẹ́ńjìnnì jí láìsí ikọ́. Ẹ̀rín ti kú lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì. Mọ́tò náà kọjá lára àbúrò ọkọ rẹ̀, ó jáde sí títì. Àga tí opó náà jókòó lé gbóná, ó rọ̀ bí itan ènìyàn, ó sì ń mí.

"Ìyàwó," Nọ́ọ̀sì Àgbà rọra pè é láti ẹ̀yìn, "ọwọ́ rẹ dà?"

Ó wolẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n tutù, wọ́n dákẹ́. Ìdarí mọ́tò ń yí fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń yí i.

Wọ́n dé oríta ilé ìwòsàn. Mọ́tò náà kò yà. Níwájú, afárá ti yọ, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mọ́tò dín eré kù, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dúró. Ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ awakọ̀ ṣí. Láti ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn wọn, fèrè akẹ́rù kan ń dún bọ̀.

"Ìyàwó, má sọ̀kalẹ̀!"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nílẹ̀. Kò yà á lẹ́nu.