Máíkírósíkóòpù Bàbá Àjàyí

"Bàbá, ẹ jókòó, ẹ sinmi ná," ni Monísọ́lá wí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá Bàbá Àjàyí, bàbá rẹ̀ àgbà, dúró? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un ni. Bó ṣe wọlé ní Ìkọ̀lé, ìdí máíkírósíkóòpù rẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

Aago ni bàbá ń tún ṣe, awò idẹ àtijọ́ yìí ló sì fi ń wo eyín wẹ́wẹ́ inú aago. Òyìnbó kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló fọwọ́ lọ dígí rẹ̀ láyé ọjọ́un, tó sì gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Bàbá a máa fìka tọ orúkọ náà, a ní, "Ẹni tó ṣe èyí kò kánjú."

Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó fọwọ́ nu ojú, ó tún wò ó.

"Kùrukùru ni mo ń rí. Ohun tó jìnnà nìkan ni wọ́n tún ṣe fún mi. Uṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ mi." Àyà rẹ̀ já débi pé kò fi ohun mìíràn dán ojú rẹ̀ wò mọ́.

Monísọ́lá mọ̀ pé òun ló fà á. Eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni àwọn ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn fi ń fọ ọ̀pá àbẹ́là idẹ kí Àjíǹde tó dé. Nígbà tí bàbá wà ní ilé ìwòsàn, ó fẹ́ kí awò rẹ̀ máa dán dè é, ló bá fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì fi kànìnkànìn fọ dígí rẹ̀ mọ́ ọn. Kò mọ̀ nígbà náà pé eérú ń họ dígí.

"Pa ẹnu ẹ mọ́ o," ni Tósìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí nígbà tí Monísọ́lá sọ fún un ní ilé ìdáná. "Ojú wọn kò kúkú dá tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

Monísọ́lá dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì, bàbá ránṣẹ́ pe Festus, ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, pé kó wá kó gbogbo irinṣẹ́ òun. Ó ń nu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wẹ òkú. Festus ti di àpótí náà tán kí Monísọ́lá tó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ojú yín kò ṣe nǹkan kan! Èmi ni mo fi eérú ba dígí yẹn jẹ́!"

Festus gbé dígí náà sí oòrùn. "Kò ṣeé tún ṣe mọ́, Bàbá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ti kú tipẹ́."

Omi bọ́ lójú bàbá. "Mo lè gbàgbé dígí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n láti àná ni mo ti ń ṣọ̀fọ̀ ojú mi, o sì ń wò mí."

Ó gba awò kékeré lọ́wọ́ Festus, ó fi wo inú aago kan. "Mo rí i," ó wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ náà ni Monísọ́lá mọ̀ pé àṣìṣe òun kò dun bàbá tó ìdákẹ́ òun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè sọ. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹlòmíràn ni yóò máa jìyà ohun tí ẹ ṣe.