Orin Inú Àmù Iliko

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́, kó lọ bi Otari, bí Otari bá fẹ́ dáhùn. Ojú ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, ní abúlé wa ní Kakheti, agbègbè àwọn ọlọ́gbà àjàrà, nínú yàrá ọtí Lamara ọmọ Iliko, ẹ̀gbọ́n Otari.

Inú ilẹ̀ yàrá náà ni wọ́n ri àwọn àmù ọtí àjàrà ńláńlá mọ́, ẹnu wọn nìkan ló yọ síta. Yìnyín ti ba ọgbà àjàrà wọn jẹ́ lọ́dún tó kọjá, àmù kan ṣoṣo ló kún. Àmù tí Iliko bàbá wọn kú sí ni.

Ẹni tó bá wọnú àmù lọ fọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ máa kọrin. Ẹni tó dúró lókè á máa gbè é, okùn tí wọ́n so mọ́ ẹni ìsàlẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ọtí ń fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn a máa pa èèyàn. Bí orin bá dákẹ́, kí wọ́n fà á jáde kíá. Orin Iliko dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Kí wọ́n tó fà á jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Gbogbo abúlé ní kí wọ́n fọ́ àmù náà. Lamara kọ̀ jálẹ̀. "Àmù ló pa á, àbí afẹ́fẹ́?" Ó rọ ọtí sí i, ó fi òkúta dé e, ó fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́ pinpin.

Otari àbúrò rẹ̀ ti rí ẹni tí yóò ra ọgbà náà kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n wá jọ fẹnu kò: bí ọtí yìí bá dùn mọ́ àwọn àlejò tí Tamazi amọ̀nà ń kó bọ̀ wá tọ́ ọ wò, Tamazi á máa kó wọn wá títí ẹ̀rùn á fi parí, Otari ò sì ní tà. Bí kò bá dùn, ọgbà ti lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, orí kunkun yín yìí," ni Otari ń wí bí wọ́n ṣe ń ha amọ̀ kúrò.

"Di òkúta mú, kí o panu dé."

Àwọn àlejò, ará Jámánì, rọ̀gbà yí wọn ká. Yàrá náà tutù, ó sì ṣókùnkùn díẹ̀. Lamara fi ahá tí wọ́n so mọ́ igi gígùn bu ọtí. Àwọ̀ oyin ló ní. Obìnrin àgbàlagbà kan tọ́ ọ wò, ó dijú, ó tún na ife rẹ̀.

"Àǹtí Lamara, ẹ ti yege," ni Tamazi wí. Inú Lamara dùn débi pé omi lé sí i lójú.

Obìnrin àgbàlagbà náà wá sọ nǹkan kan. Tamazi túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní ta ló ń kọrin."

Kò sẹ́ni tó ń kọrin. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀. Wọ́n wá gbọ́ ọ. Ohùn ọkùnrin, nísàlẹ̀, lábẹ́ ọtí. Ojú ọtí ò mì. Ohùn náà kọ ẹsẹ kan, ó dúró. Ó tún un kọ, ó tún dúró.

Orin tí Iliko máa ń kọ ni, ègbè ló sì ń retí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbè é o." Otari ń fà á lápá.

Lamara gbè é. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ó gbè é parí. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ bọ́ sí ẹsẹ kejì.

"Orin yẹn dáa," ni Tamazi wí bó ṣe ń kó wọn lọ. "Ẹ tún un ṣe lọ́la. Ẹ ṣáà tètè dé ọtí, kó má lọ kan."

Otari ti gbé òkúta. "Ẹ jẹ́ ká dé e. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i mọ́jú, ó ti kan nìyẹn."

"Ṣé o gbọ́ orin?"

"Mo gbọ́."

"Ṣé wọ́n máa ń dé àmù mọ́ ẹni tó ń kọrin?"

Otari wo òkúta, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ọgbà yìí lẹ torí ẹ̀ bá mi jà látọdúnmọ́dún."

"Mo mọ̀. Kó kan."

Ó mú okùn lára ògiri, ó jù ú sínú ọtí, ó ń gbè lọ. Okùn ń wọlé. Ó ń wọlé ju bí àmù ṣe jìn lọ. Lójijì, okùn náà le gan-an lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan dì í mú nísàlẹ̀.

"Otari, wá bá mi dì í mú."

Otari sọ òkúta sílẹ̀. Wọ́n jọ ń fà. Ó wúwo. Ọtí ń ṣàn lẹ́nu àmù, ó ń rin wọ́n lẹ́sẹ̀. Orin ń sún mọ́ òkè. Ohùn náà kọjá ẹsẹ tí Iliko kọ kẹ́yìn lọ́jọ́ ikú rẹ̀. Ó bọ́ sí òmíràn, tí wọn ò gbọ́ rí nílé wọn, ó sì dúró de ègbè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ wo nìyí?"

"N ò mọ̀ ọ́n," ni Lamara wí. "Ṣáà máa fà."