Ibi Tí Òkun Ti Dákẹ́

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, ṣé o ò tíì ṣe tán ni? Kí òkun tó gbẹ o!"

Bíríkìlà ló ń pariwo báyìí lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ṣì ń wá bàtà tí kò ní í ha á lẹ́sẹ̀.

"Ṣé òkun tó ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá rẹ ni yóò gbẹ lónìí?" ni obìnrin náà fèsì láti inú yàrá.

Ọmọ wọn obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú etíkun yìí, ló ní kí wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ òun. Ìgbà ooru ti ń kógbá sílé, èrò sì ti dín kù. Tọkọtaya yìí dàgbà níbi tó jìnnà sókun. Odò ni wọ́n mọ̀, wọn ò fojú kan òkun rí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, wọ́n ya kọ́nà tó gbẹ̀yìn, wọ́n kọjá ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kan, ni ilé bá tán. Títì náà tán. Ohun tó kù níwájú wọn kò lópin.

Aránṣọ dúró gbagidi, ó fọwọ́ sáyà.

"Ṣé omi náà nìyí?"

"Omi ni, Màámi," ni nọ́ọ̀sì dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Òdìkejì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà, àmọ́ ojú ò lè tó o."

Obìnrin náà mi orí. "Látìgbà tí mo ti ń ránṣọ, mi ò rí aṣọ tí kò létí rí. Ọlọ́run ò!"

Bíríkìlà, tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, kàn bọ́ fìlà, ó dì í mú sáyà bí ẹni tó wọ ààfin.

Nígbà tí wọ́n dé orí iyanrìn, nọ́ọ̀sì nawọ́ sí àsíá méjì kan, aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lókèèrè. "Bàámi, àárín àsíá yẹn la ti ń wọmi o. Ibẹ̀ làwọn ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́."

Bíríkìlà wo ibẹ̀. Èrò pọ̀, ìgbì sì ń ya lu gbogbo wọn, ariwo ọmọdé gba ibẹ̀ kan. Ó wá yíjú sí tòsí. Ó rí ibì kan tí omi ti dúdú díẹ̀, tó sì tẹ́jú bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ńtì dán. Ìgbì ń fọ́ lọ́tùn-ún, ó ń fọ́ lósì, àmọ́ àárín yẹn dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ta ni yóò fi ibi tó dákẹ́ sílẹ̀, táá lọ síbi tí omi ti ń na èèyàn?" ló wí.

"Bàámi, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́hùn-ún ná."

"Ìwọ ọmọ yìí! Nígbà tí mò ń la odò kọjá ní kíkún, ta ló bí ẹ?"

"Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ o," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá àti ọmọ tẹ́ ẹní tán, tí wọ́n gbójú sókè, ó ti wà nínú omi.

Omi náà tutù, ó sì tù ú lára. Ó dé orúnkún, ó dé ìbàdí. Lójijì ni iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í sá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó tó mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́. Ó bojú wẹ̀yìn, ìyàwó rẹ̀ ti kéré bí ọmọ ọwọ́.

Ó yí padà, ó lúwẹ̀ẹ́ sí etíkun pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ tó ni ilẹ̀ ń jìnnà sí i tó. Kò sí ìjì, kò sí ariwo, kò sí ohun tó dì í mú lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, omi ńlá yẹn ń gbé e lọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé abọ́ kúrò lórí tábìlì. Apá rẹ̀ wúwo. Ó gbé omi iyọ̀ mì. Ẹ̀rù tí kò bà á rí láyé bà á.

Ní etíkun, aránṣọ ti kígbe. Ó ń sáré lọ sínú omi, nọ́ọ̀sì sì dì í mú típẹ́típẹ́.

"Fi mí sílẹ̀! Ọkọ mi ni!"

"Bàbá mi ni, Màámi! Ẹ ò mọ̀wẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí n di ọmọ òrukàn lójú kan náà ni?"

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dúró, nọ́ọ̀sì gbé apá méjèèjì sókè, ó ń juwọ́ sí àwọn ẹ̀ṣọ́. Fèrè dún. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, obìnrin tí gbogbo ará etíkun ń pè ní Afunfèrè, ti ń sáré bọ̀, ohun èlò pupa tó máa ń léfòó wà lápá rẹ̀.

"Ẹ ní kó má bómi jà!" ló ń pariwo bó ṣe ń kọjá. "Kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi!"

Wọ́n pariwo títí, ìgbì gbé ohùn wọn mì. Ni aránṣọ bá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ó wó lulẹ̀ sórí iyanrìn tó tutù, tòun ti aṣọ tó fúnra rẹ̀ rán fún ìrìn àjò yìí. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, ó na apá méjèèjì, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó tún nà án.

Bíríkìlà rí i láti òkèèrè. Ohun tó kọ́kọ́ rò ni pé ó ti dákú. "Mo ti pa ìyàwó mi." Àmọ́ ó tún rí ọwọ́ tó ń lọ sókè, tó ń padà sílẹ̀, ó sì rí ọmọ rẹ̀ tó ń nawọ́ sí ìyá rẹ̀ lórí ìdúró. Ó yé e.

Ó dẹ́kun ìjà. Ó yíjú sókè, ó na apá, ó jẹ́ kí omi gbé òun. Kò rì. Ojú ọ̀run tóbi lórí rẹ̀, òkun tóbi lábẹ́ rẹ̀, òun sì wà láàárín wọn bí ewé. Ó mí. Ó tún mí. Ó gbé ọwọ́ kan sókè kí wọ́n lè rí i. Nígbà tó yá, ó kíyè sí i pé ohun tó ń fa òun ti dẹwọ́.

Afunfèrè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dúró dè mí, Bàbá. Ẹ di èyí mú. A ò ní í gba iwájú. Ẹ̀gbẹ́ la máa gbà."

Wọ́n lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, títí wọ́n fi dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ibi tí bíríkìlà ti sá fún tẹ́lẹ̀. Ìgbì náà gbè wọ́n lẹ́yìn, ó ń tì wọ́n lọ sétíkun, títí ẹsẹ̀ wọn fi kan ilẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ bò ó, ó jókòó tì í.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, Afunfèrè mú wọn gun orí àtẹ̀gùn gíga tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń wo omi. "Bàbá, ẹ wo ìgbì tó ń wọlé. Ibo lẹ rò pé omi rẹ̀ ń gbà padà?"

Wọ́n wò. Láti òkè, ó hàn kedere: láàárín ìhó funfun lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà dúdú kan là gbọọrọ lọ sínú òkun. Iyanrìn àti ìhó ń ṣàn lójú rẹ̀, wọ́n ń lọ.

"Ibẹ̀ ni," ni Afunfèrè wí. "Kì í fa èèyàn sísàlẹ̀, ó kàn ń gbé e jìnnà. Àárẹ̀ ìjà ló ń pa òmùwẹ̀."

Bíríkìlà wo ọ̀nà náà títí. "Ogún ilé ni mo ti kọ́, ó lé," ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Mi ò mọ ẹni tó kọ́ irú eléyìí."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n padà wá. Àárín àsíá méjì ni wọ́n wọ̀, omi dé orúnkún, tọkọtaya di ọwọ́ ara wọn mú, ìgbì ń lù wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá ń lọ sétíkun, ibi tí ẹ̀ṣọ́ wà ni kẹ́ ẹ ti wọmi. Bí àsíá bá pupa látòkè délẹ̀, ẹ má wọmi rárá. Ẹ fura sí ibi tó dákẹ́ láàárín ìgbì. Bí omi bá ń gbé yín lọ, ẹ má bá a jà: ẹ fẹ̀yìn lé e, ẹ gbọ́wọ́ sókè, bí agbára bá sì wà, ẹ lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kẹ́ ẹ tó yíjú sétíkun. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ni omi ń gbé lọ, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ pe ẹ̀ṣọ́, ẹ ju ohun tó ń léfòó sí i, ẹ má sì gbójú kúrò lára rẹ̀.

Òkun kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá, kò sì mọ ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n.