Èjìká Kejì

Òjò ti ń rọ̀ ní ìlú Huế fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko nígbà tí Khoái kọ́kọ́ rí Thuyên lẹ́nu géètì ọsibítù: ọ̀pá léjìká, apẹ̀rẹ̀ kan níwájú, ìkan lẹ́yìn, wàrà sóyà olómi atalẹ̀ ń rú èéfín nínú ìkòkò. Ó ti rẹ obìnrin náà. Ó ti rẹ Khoái náà. Ọgbọ̀n ọdún ni Khoái ti ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú ara èèyàn ní ọsibítù náà, ọdún kẹfà sì nìyí tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ni, àbí ẹ fẹ́ máa wo èèyàn?"

"Ẹ bu abọ́ kan. Màá máa wò bí mo ṣe ń jẹ."

Thuyên ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Odidi ọdún kan ni Khoái fi jẹ wàrà lójoojúmọ́, òun tí kò fẹ́ràn atalẹ̀ rárá! Opó ni Thuyên. Nígbà tí Khoái ní òun fẹ́ gbé ewé trầu, ewé tí wọ́n fi ń tọrọ ìyàwó, wá bá ọmọ rẹ̀, Thuyên ní kí òjò dá ná.

Kí òjò tó dá ni kókó yọ lábẹ́ egungun èjìká ọ̀tún Thuyên. Ojú ń tì í, kò jẹ́ kí Khoái rí ẹ̀yìn òun. Ọ̀dọ́ kan níbi iṣẹ́ Khoái ló bá a ya àwòrán, ibi tó ń dùn ún nìkan ló sì yà. Dókítà wò ó, ó ní ó jọ jẹjẹrẹ, àwọn máa gé e, apá yẹn sì lè má gbé sókè mọ́.

"Ẹ má gbé trầu kankan wá mọ́," Thuyên wí. "Ẹ ti sin ìyàwó kan. Ẹ ò ní sin ìkejì."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ó ti rẹ̀ mí."

Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó kọrí sí afárá. Ó dun Khoái wọra, ó dúró ń wò ó lọ. Láàárín afárá, Thuyên dúró, ó yí ọ̀pá láti ọ̀tún sí òsì, bí gbogbo alápẹ̀rẹ̀ ṣe ń ṣe. Khoái pariwo, ó sáré lé e.

"Látìgbà wo lẹ ti ń pààrọ̀ èjìká?"

"Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ṣé èjìká kan ṣoṣo ni kó rù ú ni?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí irú kókó yẹn rí, léjìká méjèèjì ẹnì kan tó ń ru ẹrù. Ẹ padà. Wọn ò ya òsì!"

Khoái mú un dojú bolẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú kí egungun lè yẹ̀. Òun nìyẹn lósì: kókó kékeré tí kò dùn ún rí, fọ́nrán ọ̀rá là á láàárín bíi ti ọ̀tún gẹ́lẹ́. Dókítà àgbà wò ó títí.

"Jẹjẹrẹ kọ́. Ẹrù tó ń gun èjìká méjèèjì ló bí i. Ẹ má gé nǹkan kan, àá máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìyá, ẹ dín ẹrù kù."

Thuyên jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sunkún, ó nu imú. "Tí mi ò bá rù ú mọ́, kí ni n ó máa jẹ?"

Khoái bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki èjìká bọ abẹ́ ọ̀pá. Ó ta gẹ́gẹ́, omi atalẹ̀ dà sí i ní ṣòkòtò.

"Bàbá yìí ò mọ ẹrù rù o!"

"Ẹ kọ́ mi."

Thuyên dìde. Ó wá fa apẹ̀rẹ̀ méjèèjì wá sáàárín ọ̀pá.

"Ẹ gbé orí iwájú, kí n gbé ẹ̀yìn. Ẹ rọra rìn. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta trầu."