Ìbọn Kékeré Tó Lọ́ Wọ́ọ́rọ́

Ta ló bá ọmọ mi fa irin orí ìbọn náà sẹ́yìn? Títí di òní, n kò mọ̀. Irin náà le. Èmi tí mo ti ń la igi ìdáná láti kékeré, mo máa ń di eyín kí n tó lè fà á. Ọmọ ọdún mẹ́ta sì ni Josie nígbà náà. Kò tíì lè dá ìdérí ìgò jáàmù ṣí.

A ò tíì pẹ́ níbẹ̀ nígbà yẹn. Láti ìpínlẹ̀ kejì la ti kó wá sí Kentucky, a gba ilé kan tó wà lópin àfonífojì, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti parí. Owó ilé náà kò wọ́n, fíríìjì àti ààrò wà nínú ẹ̀. A ò béèrè ìdí. Dwight ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga gáàsì. Bó bá lọ, ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Èmi ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà nínú yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, torí pé mo fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí mo lóyún.

Ìgbà òtútù ni, ilẹ̀ ń tètè ṣú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí a ṣe jáde ní kíláàsì, mo rí ọkùnrin kan tó fara ti ọkọ̀ mi. Nígbà tó rí mi, ó rọra kúrò. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò kúrò kíá. Ó kọ́kọ́ wo ìjókòó ọmọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún Dwight lórí fóònù.

"Ra ìbọn ìléwọ́, kó o máa gbé e sára," ló wí. "Shawna, ṣé o gbọ́? Sára o. Kì í ṣe inú báàgì. Josie máa ń tú báàgì ẹ."

"Mo gbọ́."

"Màámi ń bọ̀ wá wò yín lọ́jọ́ Sátidé. Kó bá ẹ lọ."

Arlene ìyá ọkọ mi ló bá mi lọ lóòótọ́, àti Josie. Ẹ̀rọ amúlégbóná ti bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Hollis. Èémí wa ń yọ bí èéfín. Òun fúnra ẹ̀ wọ kóòtù méjì, ó di ife kọfí mú bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Níbi tí mo ti wá, àti níbẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó ń gba ìbọn lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó fẹ́ fún ẹ á yọ àpò ọta ẹ̀, á fa irin orí ẹ̀ sẹ́yìn, á wo ọ̀fun ẹ̀ bóyá ọta kan ṣì wà níbẹ̀, á ti ìka kékeré bọ̀ ọ́, á fi han ẹni tó wà nítòsí, á ní, "Ó ṣófo." Ìwọ tó gbà á, wàá tún ṣe gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú ẹ ló ti ṣe é. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. Bàbá mi ti kọ́ mi kí n tó mọ̀wé kà.

Ńlá ni Hollis kọ́kọ́ gbé síwájú mi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, èmi náà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kún ọwọ́ mi, gbogbo ìka mi ló ríbi dì mú. Ó tutù bí irin ẹnu ọ̀nà.

"Èyí kì í fò lọ́wọ́ èèyàn," Hollis wí. "Ibi tó o bá fi ojú ẹ̀ sí, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Ó sì ń gba ọta púpọ̀."

Mo fi há bẹ́líìtì, mo fa súwẹ́tà bò ó. Arlene wò mí látòkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Jésù mi! O dà bí ẹni tó jí itan ẹlẹ́dẹ̀ gbé níbi oúnjẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Jókòó ká tún wò ó."

Mo jókòó. Ìdí ìbọn náà gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti súwẹ́tà síta.

"O tínrín," Hollis wí. "Ara tínrín kì í rí ibi fi ńlá pamọ́ sí."

"Ìwọ ńkọ́? Ikùn tìẹ lè gbé ìbọn ọdẹ mì kí ẹnikẹ́ni má mọ̀," Arlene wí.

"Arábìnrin, kọfí lo bá wá ni, àbí èébú?"

"Méjèèjì, bó bá wà."

Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Josie ti ti imú mọ́ gíláàsì káńtà nísàlẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Mo béèrè bóyá kékeré wà. Hollis fi ife ẹ̀ sílẹ̀, ó ṣe díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹnì kan ti lò ó rí," ló wí. Kò wojú mi. "Mo ti tún un ṣe. Kò ní hàn lábẹ́ aṣọ, ìyẹn dájú. Àmọ́ ìka ẹ tó kéré jù kò ní ríbi dúró lára ẹ̀, ó sì máa ń fò bí èèyàn bá yìn ín. Irin orí ẹ̀ tún le fà ju ti ńlá lọ. Ohun tó kúrú bẹ́ẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé e fún mi.

Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lábẹ́ adìẹ.

"Ọ̀gbẹ́ni Hollis, ṣé iná wà nísàlẹ̀ gíláàsì yín ni?"

"Iná wo? Bí iná bá wà níbì kankan níbí, ṣé màá wọ kóòtù méjì?"

Josie fa ṣòkòtò mi. "Màmá, ó ní ká mú òun lọ sílé."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Ó na ìka sí gíláàsì. Arlene tẹ̀ ba, ó wò ó.

"Ojú ara ẹ lò ń wò, ọmọ mi," ló wí.

Mo ní kékeré ni mo fẹ́. Ọkùnrin yẹn ni mo ń rò. Mo fẹ́ èyí tí kò ní mọ̀ pé ó wà lára mi. Nígbà tí Hollis béèrè ibi tí mò ń gbé, tí mo sì sọ fún un, ó dúró.

"Ilé tó wà lópin ọ̀nà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wo Josie. "Ṣé o ò ní mú ńlá?" ló wí, ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Màá dín owó ẹ̀ kù fún ẹ."

"Rárá, sà. Ẹ ṣé."

Ó gba owó lọ́wọ́ mi, ó fi aṣọ wé ìbọn náà.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìbọn wà lára mi. Mo jókòó ní kíláàsì, mo ń ṣe ìṣirò, ó wà lábẹ́ súwẹ́tà mi níbẹ̀, ó ń móoru bí ọwọ́ ọmọdé tó dì mọ́ mi níbàdí. Josie nìkan ló mọ̀. Ó máa ń wá gbé etí lé e, á dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ eré kan. Ó máa ń mú ṣíbí, á dojú ẹ̀ kọ ilẹ̀, á ṣe bí ẹni tó ń fa nǹkan sẹ́yìn, á ti ìka kékeré sí i, á wá gbé e sókè sí ẹ̀gbẹ́ fíríìjì, níbi tí kò sẹ́nì kankan. "Ó ṣófo." Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ṣe é. Ó ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe é. Inú ilé ìwẹ̀, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ni mo ti máa ń yẹ ìbọn tèmi wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ti rí i, ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí imú ẹ̀ wà lára gíláàsì.

"Ta ló kọ́ ẹ?" mo bi í.

"Òun náà ni."

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Bóyá ó bà mí, n kò kàn rí i mú. Oorun kì í kún ojú mi lásìkò yẹn. Mo ń ro ẹ̀wà, mo ń kó igi sínú ààrò, mo ń gbọ́ "ó ṣófo, ó ṣófo" lẹ́yìn mi, n kò yíjú padà.

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, òwúrọ̀ ni, yìnyín ń já bọ́. Ibà ti ń ṣe mí láti ọjọ́ mélòó kan. Mo fẹ́ fọ irun mi. Mo yọ ìbọn náà kúrò níbàdí, mo yọ àpò ọta ẹ̀, mo fi àpò ọta náà sápò aṣọ ilé tí mo wọ̀, mo gbé ìbọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. N kò fa irin ẹ̀ sẹ́yìn. N kò ti ìka bọ ọ̀fun ẹ̀. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tí mo lè fi hàn. Mo sọ fún ara mi pé àpò ọta ti wà lọ́wọ́ mi, ó tán.

Kò tán. Ọta kan ṣì máa ń wà lọ́fun. Ọmọdé ibẹ̀ pàápàá mọ̀.

Ìgbà tí omi ti wà lórí mi ni mo rántí. Mo sáré jáde, ọṣẹ lójú mi.

Wọ́n ti wọ́ àga dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Josie jókòó sílẹ̀ nítòsí fíríìjì, ìbọn náà wà lórí itan ẹ̀. Irin orí ẹ̀ ti lọ sẹ́yìn, ó há síbẹ̀. Kó tó lè há bẹ́ẹ̀ láìsí àpò ọta, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fà á, kí ọwọ́ mìíràn ti bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sókè. Ọta kan ṣoṣo yẹn dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá to ohun ìṣeré.

"Màmá, ó ṣófo," ló wí.

Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣófo. Omi irun mi ń kán sí i lára.

"Josie, ta ló fà á?"

"Èmi àti òun. Ó ní ọwọ́ òun nìkan ò ká a."

"Kí ló tún sọ?"

"Ó ní kí n má wo ẹnu ẹ̀." Ó ń fi ìka yí ọta náà ká nílẹ̀. "Ó ní òun wò ó."

N kò sunkún. Mo ṣan ọṣẹ orí mi, mo wọ Josie ní bàtà, mo wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù nínú yìnyín yẹn pẹ̀lú irun tútù.

Hollis kò béèrè ìdí tí mo fi dá a padà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní, "Ó ṣófo," mo gbé e fún un. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé ó ti tutù. Ó tutù bí irin yòókù gbogbo tó wà níbẹ̀. Josie kò wo gíláàsì, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ tètè délé.

Ńlá ni mo gbé lọ, pẹ̀lú àpótí irin oníkọ́kọ́rọ́. Mo ń wọ kóòtù Dwight lé e lórí. Arlene ní mo dà bí àpò ànàmọ́. Wọ́n mú ọkùnrin yẹn ní ìlú mìíràn kí yìnyín tó yọ́, n kò fa ìbọn náà yọ rí. Eré Josie kò dáwọ́ dúró. Títí a fi kó kúrò níbẹ̀, ó ń gbé ṣíbí sókè sí ẹ̀gbẹ́ fíríìjì, ó ń wo iwájú gan-an, kò gbójú sókè. Èmi rò pé ìyá mi tó ti kú ni "òun" yẹn, pé ó ń ṣọ́ wa. Ìyẹn ni mo sọ fún Dwight.

Josie ti ń dá gun kẹ̀kẹ́ nígbà tí mo pàdé obìnrin kan tó ti jẹ́ aládùúgbò wa ní àfonífojì yẹn. Òun ló sọ fún mi pé ìyá kan àti ọmọ ẹ̀ obìnrin, Callie, ló gbé ilé náà kí àwa tó dé, àti pé Hollis ló ra ìbọn wọn. Ẹ̀gbẹ́ fíríìjì ni wọ́n ti bá òkú Callie, ìbọn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ìyá ẹ̀ ti yọ àpò ọta.