Bàtà Tó Lanu ní Kíláàsì

"Àbí o ò rí i pé bàtà yìí wù mí!" Tíṣà ìṣirò ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ níwájú dígí ṣọ́ọ̀bù. "Ṣé ó máa tọ́jọ́?"

"Á tọ́jọ́ dáadáa, mà," ni ọmọbìnrin tó ń tajà fún un dáhùn. "Ẹ máa wọ̀ ọ́ títí á fi sú yín ni."

Kò lè wo ojú tíṣà rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Àǹtí rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, ti lọ ra ọjà. Kó tó jáde ló ti ya bàtà dúdú yìí sọ́tọ̀, tó ní: "Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣí. Má tà á fún ẹnikẹ́ni o. Màá dá a padà fáwọn tó kó o fún wa." Ṣùgbọ́n láti àárọ̀, ọjà ò tà, ọmọ náà sì fẹ́ kí Àǹtí dé bá ìròyìn ayọ̀. Nígbà tí tíṣà wọlé, tó ní bàtà dúdú lòun ń wá, ó sá wọ ẹ̀yìn, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ bàtà náà, ó pa á ní pólíìṣì, ó sì gbé e jáde bí ọjà tuntun.

Nígbà tí Àǹtí dé, tó rí owó ọjà, inú rẹ̀ dùn. "Ìyálọ́jà kékeré!" ló pè é. "Bàtà tí mo yà sọ́tọ̀ ńkọ́?"

"Mo ti kó o síbi ìkẹ́rù, Àǹtí."

Lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé padà sílé ìwé, tíṣà ń ṣàlàyé ìṣirò lójú pátákó. Bó ṣe yí padà báyìí, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ṣí gbàràgàdà.

"Mà, ebi ń pa bàtà yín!" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín sọ.

Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi mí sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ kíláàsì yín yìí ni mo ti rà á. Kì í kúkú ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ká ní ó mọ̀ ni, kò jẹ́ tà á fún mi láéláé."

Gbogbo ojú yí sí ọmọbìnrin náà. Ká ní wọ́n bú u ni, ì bá sàn. Ọ̀rọ̀ rere yẹn ló gún un bí abẹ́rẹ́. Ó dìde.

"Mo mọ̀, mà. Èmi ni mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́."

Tíṣà bọ́ bàtà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì parí iṣẹ́ ọjọ́ náà láìwọ bàtà.

Nígbà tí Àǹtí gbọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé bàtà mìíràn tó dára jù, ó mú ọmọ náà lọ sílé tíṣà. Kí ọmọ náà tó kúnlẹ̀, Àǹtí ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ̀ṣẹ̀ ilé mi ni." Ojú ti ọmọ náà débi pé kò lè gbórí sókè. Tíṣà sì dárí jì wọ́n.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí tíṣà tó tún wá ra bàtà fún ọmọ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà! Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú èyí tó dáa," ni ọmọbìnrin náà wí.

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wá ẹlòmíràn. "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé Àǹtí rẹ ò ní pẹ́ dé? Màá dúró dè é."

Ọmọbìnrin náà gbé àga fún un, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí omijé rẹ̀ má baà hàn. Ìgbà yẹn ló yé e pé èèyàn lè fi bàtà tuntun rọ́pò èyí tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe ọjà orí àtẹ. Ẹni tó bá parọ́ tajà lẹ́ẹ̀kan, yóò sọ òtítọ́ títí kí oníbàárà tó tún gbà á gbọ́.